Àga aṣojú ọba ṣófo: kí ni iṣẹ́ adájọ́ àgbà níbẹ̀?

Àlàbí_Winnipeg

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Àríyànjiyàn kan ti gbòde láàárín àwọn tó ń múra ìdánwò láti di ọmọ ilẹ̀ Kánádà. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn tó mọ òfin bá wa dá sí i.

Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Julie Payette tó jẹ́ Gómìnà Jẹ́nẹ́rà, ìyẹn aṣojú Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ní Kánádà, kọ̀wé fipò sílẹ̀. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ 26 oṣù keje tí Mary Simon búra wọlé, Richard Wagner, Adájọ́ Àgbà, ló ń ṣe iṣẹ́ aṣojú ọba. Àwọn kan ní Justin Trudeau, olóòtú ìjọba ìgbà náà, ló yàn án. Àwọn kan ní kò bófin mu rárá kí adájọ́ máa fọwọ́ sí òfin.

Ìbéèrè mi mẹ́ta: ibo ni wọ́n kọ iṣẹ́ yìí sí? Ibo ni agbára rẹ̀ mọ? Bí òfin tó fọwọ́ sí bá sì di ẹjọ́, ṣé òun náà ni yóò tún jókòó dá a?

Akọ̀wé_Kóòtù

Àlàbí, Trudeau kọ́ ló yàn án, ẹnikẹ́ni ò sì dìbò. Ọba George Kẹfà ti yanjú ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé àṣẹ ọba tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1947. Ẹ wo ẹ̀ka kẹjọ rẹ̀. Bí Gómìnà Jẹ́nẹ́rà bá kú, bí àìlera bá dá a dúró, bí wọ́n bá yọ ọ́, tàbí bí ó bá kúrò ní ilẹ̀ Kánádà, gbogbo agbára rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Adájọ́ Àgbà. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n gbà nígbà tí Payette fipò sílẹ̀. Kò sí pé a ń wá ẹni tí a ó yàn, ipò adájọ́ ló ti gbé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀.

Àmọ́ ohun méjì wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń fò.

Èkínní, agbára náà kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀ àfi tó bá búra. Ìbúra tí Gómìnà Jẹ́nẹ́rà ń ṣe ni òun náà yóò ṣe. Adájọ́ Àgbà ló sì máa ń búra fún Gómìnà Jẹ́nẹ́rà, kò sì lè búra fún ara rẹ̀, nítorí náà adájọ́ mìíràn nínú Kóòtù Gíga Jùlọ ni yóò ṣe é fún un. Bí wákàtí mẹ́ta bá kọjá láàárín ìgbà tí àga ṣófo àti ìgbà tó búra, ohunkóhun tó bá fọwọ́ sí nínú wákàtí mẹ́ta yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Èkejì, gbogbo ìrìn-àjò kọ́ ló ń gbé e dé ipò náà. Bí Gómìnà Jẹ́nẹ́rà bá gba àyè jáde fún ìgbà tí kò ju oṣù kan lọ, ìwé àṣẹ yẹn jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé ó wà nílé.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú

Akọ̀wé ti sọ ọ́ dáadáa. Kí n fi ìtàn kún un, torí àwọn tó ń pariwo pé ohun tuntun ni ti 2021 kò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń ṣẹlẹ̀.

Lord Tweedsmuir kú sórí àga ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1940, Adájọ́ Àgbà Lyman Duff sì di adelé títí Earl of Athlone fi dé ní oṣù kẹfà. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn o. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 1967, Georges Vanier náà kú sẹ́nu iṣẹ́, Robert Taschereau di ipò náà mú títí di ọjọ́ 17 oṣù kẹrin tí Roland Michener wọlé. Ní 1974, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Jules Léger, Bora Laskin sì ṣe adelé fún oṣù mélòó kan. Ní 2005, Adrienne Clarkson wà ní ilé ìwòsàn nítorí ọkàn rẹ̀, Beverley McLachlin ló sì fọwọ́ sí òfin ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin ní ọjọ́ 20 oṣù keje.

Ẹ fi ojú sí ti 2005 yẹn. Òfin tí gbogbo ìlú ń jà lé lórí ni, adájọ́ ló sì fọwọ́ sí i. Ìlú kò dàrú, torí kò sẹ́ni tó gbà pé èrò McLachlin ni ìfọwọ́sí yẹn ń sọ. Ilé aṣòfin méjèèjì ti parí iṣẹ́ wọn, ó ku ọwọ́ ọba.

Bísọ́lá_Ọ̀ṣogbo

Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ má bínú, ibẹ̀ gan-an ló ń kọ mí lóminú. Kí ló dé tí ó fi ní láti jẹ́ adájọ́? Kò sí agbẹnusọ ilé ni? Ní ọ̀dọ̀ wa ní Oǹdó àti Èkìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa ń ṣe adelé, a kì í pe onídàájọ́ wá jókòó sáàfin.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú

Ìbéèrè tó dáa ni, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ìlú tó ní ọba kan náà kọ́ ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní Ọsirélíà, adájọ́ kọ́ rárá, gómìnà ìpínlẹ̀ tó ti pẹ́ jù lórí oyè ni wọ́n ń pè. Ní New Zealand, Adájọ́ Àgbà ni bíi ti Kánádà: ọdún 2021 kan náà ni Helen Winkelmann ṣe adelé níbẹ̀, láti ìparí oṣù kẹsàn-án tí Patsy Reddy kúrò títí di ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá tí Cindy Kiro búra.

Ìdí tí agbẹnusọ kò fi bá a mu ni pé olóṣèlú ni, ẹgbẹ́ kan ló gbé e wá. Iṣẹ́ tó le jù lọ́wọ́ aṣojú ọba ni kí olóòtú ìjọba tí kò ní ọ̀pọ̀ mọ́ nílé wá bẹ̀ ẹ́ pé kó tú ilé ká. Ẹni tó ní ẹgbẹ́ kò ṣe é fi síbẹ̀. Adájọ́ kò ní ẹgbẹ́, ó ní iṣẹ́ tí wọn kò lè fi ìbínú gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti mọ̀ ọ́n láti máa gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún-tòsì.

Àlàbí_Winnipeg

Ẹ ṣeun gan-an. Ó kù síbì kan: ẹnì kan ní adelé kò lè tú ilé ká, pé ìwé kan wà tó yọ agbára yẹn kúrò. Ẹlòmíràn ní ó lè tú u. Èwo ni ká gbàgbọ́?

Akọ̀wé_Kóòtù

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ipò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pa pọ̀. Níbí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn máa ń ṣubú.

Adelé ni ti ẹ̀ka kẹjọ tí mo sọ lókè. Kò sí Gómìnà Jẹ́nẹ́rà, tàbí kò lè ṣiṣẹ́. Gbogbo agbára pátá ló wà lọ́wọ́ adelé, títí kan títú ilé ká àti yíyan olóòtú ìjọba.

Igbákejì ni ti ẹ̀ka keje. Gómìnà Jẹ́nẹ́rà wà láàyè, ara rẹ̀ le, àmọ́ iṣẹ́ pọ̀ tàbí kò sí ní Ottawa lọ́jọ́ náà. Ó ti kọ ìwé tẹ́lẹ̀ pé kí àwọn adájọ́ Kóòtù Gíga Jùlọ máa ṣe igbákejì òun. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti máa ń yọ títú ilé ká kúrò. Nítorí náà ẹ lè rí adájọ́ mìíràn, tí kì í ṣe Adájọ́ Àgbà, tó wá fọwọ́ sí àbádòfin ní ọjọ́ Thursday kan. Igbákejì nìyẹn, kì í ṣe adelé.

Ní 2021, adelé ni Wagner. Ká ní Trudeau wá bẹ̀ ẹ́ ní oṣù karùn-ún pé kó tú ilé ká, ó ní agbára láti ṣe é. Olóòtú ìjọba dúró di ìgbà tí Mary Simon dé. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni Simon tú ilé ká, wọ́n sì dìbò ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án.

Bísọ́lá_Ọ̀ṣogbo

Ìfọwọ́sí yẹn gan-an, báwo ló ṣe ń lọ? Ṣé bírò ló ń lò àbí ó ń tẹ èdìdì?

Akọ̀wé_Kóòtù

Ọ̀nà méjì ló wà láti ìgbà tí òfin ìfọwọ́sí ọba jáde ní 2002.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ayẹyẹ. Aṣojú ọba, adelé tàbí igbákejì, wá sí ilé Sẹ́nétọ̀. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ Sẹ́nétọ̀ kan tó ń jẹ́ Black Rod lọ pe àwọn ọmọ ilé ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìsàlẹ̀ á dúró sẹ́yìn igi tí wọ́n fi dábùú ẹnu ọ̀nà, wọn kì í wọlé jókòó. Akọ̀wé á ka orúkọ àwọn àbádòfin, aṣojú ọba á mi orí. Kò sọ̀rọ̀, kò kọ nǹkan kan níbẹ̀, orí mímì yẹn ló sọ wọ́n di òfin. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é báyìí, àbádòfin ìnáwó àkọ́kọ́ nínú ìjókòó ilé tuntun sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà yìí.

Ọ̀nà kejì ni ti ìwé. Wọ́n gbé àbádòfin lọ bá a, ó fọwọ́ sí ìwé ìkéde, ó parí. Ẹ ṣọ́ra níbí o: ọjọ́ tó fọwọ́ sí i kọ́ ló di òfin. Ọjọ́ tí wọ́n bá sọ fún ilé méjèèjì pé ó ti fọwọ́ sí i ni. Bí ó bá fọwọ́ sí i ní alẹ́ ọjọ́ Friday tí ilé kan kò sì jókòó títí di Monday, àárín ìgbà yẹn kò tíì sí òfin. Mo ti rí àwọn agbẹjọ́rò tó ka ọjọ́ lọ́nà òdì nítorí èyí.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú

Ó ku ìbéèrè kẹta Àlàbí, òun ló sì le jù.

Ní àkókò tí Wagner jẹ́ adelé ni C-7, òfin ìrànwọ́ láti kú fún aláìsàn, di òfin, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2021. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dé kóòtù. Ṣé ẹni tó wà ní ipò ọba nígbà tí òfin bọ́ sílẹ̀ lè jókòó gbọ́ ẹjọ́ pé òfin náà kò dára?

Kò sí ẹsẹ òfin kan tó ní kó máa jókòó tàbí kó dìde. Àwọn tó ní kò sí wàhálà ń sọ pé ìfọwọ́sí kì í ṣe èrò, ìmọ̀ràn mínísítà ló tẹ̀ lé, kò sì láyè láti kọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìbéèrè tí kóòtù ń bi ara rẹ̀ ni pé ẹni tó ní làákàyè, tó mọ gbogbo ọ̀ràn, tó ń wò láti ìta, kí ló máa rò? Fún òfin lásán, mo gbà pé ó lè jókòó. Fún ìwé àṣẹ tí ìgbìmọ̀ mínísítà gbé jáde tí òun fúnra rẹ̀ tẹ́wọ́ gbà gẹ́gẹ́ bí adelé, kó dìde. Ibi tó burú jù ni apá 53 òfin Kóòtù Gíga Jùlọ, níbi tí ìjọba ti lè gbé ìbéèrè lọ bá kóòtù fún ìmọ̀ràn. Orúkọ aṣojú ọba ni ìwé ìbéèrè yẹn ń gbà jáde. Tí Adájọ́ Àgbà bá jẹ́ adelé lọ́jọ́ náà, òun ló béèrè, òun ni yóò tún dáhùn. Ìyẹn kò ṣeé gbọ́ sétí.

Bí ó bá dìde kúrò, ìṣirò rẹ̀ nìyí. Adájọ́ mẹ́sàn-án ló wà, mẹ́ta nínú wọn gbọ́dọ̀ wá láti Quebec. Márùn-ún ló kéré jù tó lè gbọ́ ẹjọ́. Bí ẹnì kan bá dìde, mẹ́jọ kù, ẹjọ́ sì lè pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, ìdájọ́ ìsàlẹ̀ á wá dúró. Nítorí náà wọ́n sábà máa ń jókòó ní méje tàbí márùn-ún. Ẹni tó pẹ́ jù nínú àwọn tó kù ló máa darí ìjókòó.

Ẹ wo bó ṣe lọ ní 2014 nínú ẹjọ́ Marc Nadon. Ìjọba yàn án sórí àga Quebec, ó sì jẹ́ adájọ́ kóòtù ìjọba àpapọ̀, ìbéèrè sì ni bóyá ó tóótun. Àga òun fúnra rẹ̀ ló ṣófo, ó ku mẹ́jọ. Marshall Rothstein, tó ti jókòó ní irú kóòtù ìjọba àpapọ̀ yẹn rí, yẹra. Méje ló gbọ́ ọ, mẹ́fà sí ọ̀kan ni wọ́n fi ní yíyàn náà kò bófin mu, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta.

Ọmọ_Peckham

Ẹ jẹ́ kí n mú wa dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ọba fúnra rẹ̀ ń gbé. Níbí, adájọ́ àgbà kì í ṣe adelé láéláé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti jẹ́rìí pé ọba kò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Òfin adelé ọba ti 1937 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn márùn-ún ni wọ́n dárúkọ: ọkọ tàbí aya ọba, Lord Chancellor (mínísítà ètò ìdájọ́), agbẹnusọ ilé ìsàlẹ̀, Lord Chief Justice ti England (adájọ́ àgbà tí mo ń sọ), àti Master of the Rolls (adájọ́ ńlá kan tó tẹ̀ lé e). Mẹ́ta nínú wọn, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ti rí ẹ̀rí tó tó pé àìlera ara tàbí ti ọpọlọ kò jẹ́ kí ọba lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rí dókítà gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, òfin kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu ará ilé nìkan. Ìwé náà yóò lọ sí ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba (Privy Council), ẹni tó kàn sórí oyè tó ti tó ọjọ́ orí á sì di adelé. Bí ara ọba bá yá, irú ìwé kan náà ni yóò fi padà.

Wọn kò tíì lò ó rí láti 1937. Ohun tí ìròyìn máa ń pè ní adelé nígbà tí ọba bá rìnrìn-àjò tàbí tó bá ṣàìsàn díẹ̀, olùdámọ̀ràn ìjọba ni wọ́n, òfin ló dárúkọ wọn láti inú ẹbí, ọba ló sì ń fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, adájọ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Ní 2022 ni wọ́n fi Anne àti Edward kún wọn.

Adájọ́ àgbà tó wà níbẹ̀ báyìí ni Sue Carr, obìnrin àkọ́kọ́ lórí àga náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Aṣáájú Kóòtù Gíga Jùlọ United Kingdom kò sí nínú àwọn márùn-ún yẹn, torí kóòtù náà kò tíì sí ní 1937, ọdún 2009 ló ṣílẹ̀kùn. Àwọn tó ń kọ̀wé ìdánwò, ẹ má pa ipò méjèèjì pọ̀.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ Lord Chief Justice wà nínú òfin àtúnṣe 2005. Láti oṣù kẹrin ọdún 2006, òun ni olórí gbogbo adájọ́ England àti Wales: òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ bá ilé aṣòfin àti mínísítà, òun ló ń bójú tó ìdálẹ́kọ̀ọ́ wọn, òun ló ń pín wọn sí kóòtù. Bí ohun kan bá ká a lára nípa ètò ìdájọ́, apá karùn-ún òfin náà jẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé gbé ka iwájú ilé aṣòfin.

Àjàyí_Osaka

Jàpáànù náà ní ti wọn, kí n sọ ọ́ ní kúkúrú. Ìgbìmọ̀ kan wà tó ń bójú tó ọ̀ràn ìdílé ọba, ènìyàn mẹ́wàá ni: ọmọ ìdílé ọba méjì, àwọn olórí àti igbákejì olórí ilé aṣòfin méjèèjì, olóòtú ìjọba tó ń ṣe alága, olórí iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ààfin, Adájọ́ Àgbà àti adájọ́ kan mìíràn. Ọ̀ràn kí adelé jọba dípò ọba tó ṣàìsàn, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbà kọjá. Ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2017 ni wọ́n pàdé lórí ọjọ́ tí Ọba Akihito yóò fi oyè sílẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2019. Ọba ló ń yan Adájọ́ Àgbà lórúkọ, ìjọba ló ń fa ẹni náà kalẹ̀.

Ọmọ_Lísàbí

Gbogbo yín ń lọ Kánádà, ń lọ Jàpáànù, ẹ gbàgbé pé àwa náà wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn òmìnira. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960 títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1963, Elizabeth Kejì ni Ọbabìnrin Nàìjíríà. Adájọ́ Àgbà wa nígbà náà ni Sir Adetokunbo Ademola, ọmọ Aláké Ladapo Ademola Kejì. Òun ló búra fún Nnamdi Azikiwe gẹ́gẹ́ bí Gómìnà Jẹ́nẹ́rà ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá 1960. Òun náà ni alága ìgbìmọ̀ tó ń dámọ̀ràn yíyan adájọ́. Nígbà tí ìwé òfin 1963 dé, wọ́n pa ìgbìmọ̀ náà rẹ́, ọ̀rọ̀ yíyan adájọ́ sì bọ́ sọ́wọ́ olóòtú ìjọba. Ìyẹn nìkan tó ká jókòó sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọdún 1962 lẹ máa rí ibi tí iṣẹ́ adájọ́ àgbà lábẹ́ ọba ti le. Ọ̀ọ̀ni Adesoji Aderemi ni gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn, aṣojú ọbabìnrin ni. Ẹ wò ó: ọba Yorùbá ń ṣojú ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọba Yorùbá ni yóò sì dájọ́ lórí ohun tó ṣe. Ọmọ ilé 66 nínú 124 kọ̀wé sí gómìnà pé àwọn kò sí lẹ́yìn Akintola, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, Ọ̀ọ̀ni yọ Akintola, ó sì fi Dauda Adegbenro rọ́pò rẹ̀. Akintola lọ sí kóòtù.

Ìwé òfin Ìwọ̀ Oòrùn, apá 33, sọ pé gómìnà kò gbọ́dọ̀ yọ olórí ìjọba àfi tó bá hàn sí i pé kò ní ọ̀pọ̀ ọmọ ilé lẹ́yìn mọ́. Gbogbo ìjà náà dúró lórí "tó bá hàn sí i" yẹn. Ṣé ìwé tí ènìyàn 66 fọwọ́ sí tó, àbí ìbò gbọ́dọ̀ wáyé nínú ilé? Ní ọjọ́ 7 oṣù keje 1962, Ademola àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn pé ìbò nínú ilé ló lè fi hàn. Wọ́n gbé àṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé orí ìwé òfin, torí ní London ìbò nílé ni ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun, Ọmọ Lísàbí. Ó sì ku apá kejì, torí Kóòtù Gíga Jùlọ wa kọ́ ni òpin ẹjọ́ nígbà náà. Adegbenro gbé e lọ sí Ìgbìmọ̀ Ọba ní London, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún wa nígbà náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1963, Lord Radcliffe ka ìdájọ́ tó dojú ti Ademola délẹ̀: ìwé òfin ní "hàn sí i", kò sọ ọ̀nà tí yóò gbà hàn, gómìnà lè lo ìwé tí 66 fọwọ́ sí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti dá dúró, ẹ má fi àṣà Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ará London ló ń sọ èyí fún adájọ́ ọmọ Ẹ̀gbá o!

Àmọ́ Akintola ti padà sórí àga láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún yẹn, nígbà tí ìjọba pàjáwìrì tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn parí. Ilé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn kò gbọ́ ti London: wọ́n yí ìwé òfin padà, wọ́n sì jẹ́ kí àyípadà náà padà sẹ́yìn dé 1960, kí ìdájọ́ náà lè di òfìfo. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Nàìjíríà di olómìnira tí kò lọ́ba, ẹjọ́ sí London sì dópin.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń kàwé mú níbẹ̀ ni èyí: iṣẹ́ adájọ́ àgbà kì í ṣe láti yan ẹni tí yóò ṣe olórí ìjọba. Ìbéèrè rẹ̀ ni, àṣẹ wo ni ìwé òfin fún aṣojú ọba, ṣé ó sì lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́? Èmi gbà pé London ló ka ìwé náà bó ṣe wà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní gbà.

Ọmọ_Lísàbí

Èmi ò gbà, ẹ̀gbọ́n. Ìwé tí ènìyàn fọwọ́ sí nínú yàrá, ó lè jẹ́ pé wọ́n fi owó tàbí ẹ̀rù gbà á. Ìbò nílé, ojú gbogbo ayé ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ìwé 66 yẹn sì jẹ́ ẹnu apá kan.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú

Ọ̀rọ̀ rẹ nítumọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó yẹ kí òfin jẹ́. Kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ.

Arẹ̀kẹ́_Manzini

Kí ẹ má baà rò pé gbogbo adájọ́ àgbà abẹ́ ọba ló ń ṣọ́ ààlà: ní Eswatini (Swaziland ìgbà náà, ní gúúsù Áfíríkà) ní 2011, Adájọ́ Àgbà Michael Ramodibedi gbé ìlànà jáde pé kóòtù kankan kò gbọ́dọ̀ gba ìwé ìpẹ̀jọ́ lòdì sí ọba, ní tààrà tàbí ní ẹ̀bùrú. Àwọn agbẹjọ́rò pa iṣẹ́ tì fún oṣù mélòó kan. Adájọ́ Thomas Masuku, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó kọ ohun tó kan ọba sínú ìdájọ́, pàdánù iṣẹ́. Ní 2015, ọba kan náà yọ Ramodibedi fúnra rẹ̀. Ìlànà tó ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ aráàlú kò gba ẹni tó kọ ọ́ là.

Bísọ́lá_Ọ̀ṣogbo

Hẹn-ẹn. Ta ni ó wá lè yọ ti Kánádà?

Akọ̀wé_Kóòtù

Ọjọ́ orí 75 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fẹ̀yìntì. Kó tó di ìgbà náà, àfi kí Sẹ́nétọ̀ àti ilé ìsàlẹ̀ jọ bẹ aṣojú ọba pé kó yọ ọ́. Olóòtú ìjọba kò lè dá a ṣe. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mú u, láti òfin 1701. Ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀nà yẹn ti yọ, Jonah Barrington, adájọ́ ní Ireland, ní 1830. Owó kóòtù ló kó jẹ.

Ọmọ_Peckham

Àti pé Adájọ́ Àgbà Kánádà tún ń ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí àwọn adájọ́, láti 1971. Nígbà ti McLachlin, òun náà ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń dámọ̀ràn àwọn tó máa gba oyè Order of Canada. Èyí kejì yìí kò bá mi lára mu. Ní 2008 tí wọ́n fi oyè náà dá Henry Morgentaler lọ́lá, ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ní 1988 wó òfin ìṣẹ́yún ilẹ̀ náà, McLachlin ní láti jáde wá ṣàlàyé pé òun kì í dìbò níbẹ̀. Adájọ́ tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún oníròyìn ti wọnú omi.

Àlàbí_Winnipeg

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á máa fún yín ní ìmọ̀ kún ìmọ̀. Ó ku kékeré: bí Gómìnà Jẹ́nẹ́rà bá kú lọ́jọ́ tí Adájọ́ Àgbà náà kò sí nílẹ̀ Kánádà ńkọ́?

Akọ̀wé_Kóòtù

Ẹ̀ka kẹjọ kan náà ti dáhùn. Adájọ́ tó pẹ́ jù ní Kóòtù Gíga Jùlọ, tó wà nínú Kánádà lọ́jọ́ náà, tí àìlera kò dá dúró, ni yóò búra. Kì í ṣe ẹni tó dàgbà jù lọ́jọ́ orí o, ẹni tó ti pẹ́ jù lórí àga ni.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí kí wọ́n tó kọ ìwé 1947 yẹn pàápàá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1931, Lord Willingdon ti lọ, Lord Bessborough kò tíì dé, Francis Anglin ni Adájọ́ Àgbà, àmọ́ Lyman Duff, tó pẹ́ jù nínú àwọn adájọ́ yòókù, ló ṣe adelé. Òun ló lọ sí ilé Sẹ́nétọ̀ ní oṣù kẹta, tó ka ọ̀rọ̀ ọba láti ṣí ilé, ọmọ Kánádà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó tó di Adájọ́ Àgbà fúnra rẹ̀.